Ìbéèrè Yín: Àwo Jáàsì Lórí Kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo fẹ́ gba orin inú àwọn àwo jáàsì mi sórí kọ̀ǹpútà, kí n lè fi ránṣẹ́ sí àwọn tí a jọ fẹ́ràn rẹ̀. Nínú oríṣi fáìlì ohùn méjì yìí, ṣé MP3 ni kí n lò, àbí FLAC?

Ìdáhùn: FLAC ni kí ẹ fi pamọ́, nítorí pé ó ń dín ìwọ̀n fáìlì kù láìyọ nǹkan kan kúrò nínú ohùn tí ẹ gbà, nígbà tí MP3 máa ń gé lára rẹ̀ dànù, ohun tó bá sì ti gé kì í padà mọ́. Ẹ kọ́kọ́ nu eruku kúrò lára àwo náà dáadáa. Ní ti fífi ránṣẹ́, ẹ rọra o: ní Amẹ́ríkà, àwọn orin inú àwo tí wọ́n gbé jáde ṣáájú ọdún 1923 ti di ti gbogbo ènìyàn láti ọdún 2022, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jáàsì tó jáde lẹ́yìn ìyẹn ṣì ní ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lórí wọn.