Bóòtù já sínú tọ́ọ̀pù sílíńdà: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àpáké ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, Toyota Corolla ni mò ń lò. Ọ́ìlì ń jò létí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà (ìdérí orí ẹ́ńjìnnì), ni mo bá ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, mo ń pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi. Ọ̀kan nínú àwọn bóòtù kéékèèké tí sípánà 10 ń tú ló já nígbà tí mò ń fún un. Ìyókù rẹ̀ wà nínú tọ́ọ̀pù sílíńdà, irin tí kọ́fà náà jókòó lé. Ṣé mo lè máa wà á bẹ́ẹ̀, àbí kí n gbé dírìlì sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbé dírìlì sí i. Ẹ má sì máa wà á kiri pẹ̀lú: ọ́ìlì tó bá ń kán sára ẹ̀gísọ́ọ̀sì tó gbóná yóò máa rú èéfín, ó sì lè gbiná.

Ìròyìn ayọ̀ kan wà nínú ìbéèrè yín. Ìgbà tí ẹ̀ ń fún bóòtù náà ló já, kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀ ń tú u. Èyí tó bá já nígbà tí a ń tú u ti dógùn-ún mọ́ ihò rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí orí rẹ̀ já kò tíì jáwọ́ lára ìdí rẹ̀. Èyí tó já nígbà tí a ń fún un, àfúnjù ló pa á. Nígbà tí orí ti kúrò, kò sí ohun tó ń fa ìyókù mọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń wà ní dẹ̀ẹ̀ nínú ihò.

Ẹ kọ́kọ́ tú gbogbo bóòtù tó kù, kí ẹ ṣí kọ́fà náà kúrò. Inú kọ́fà ni apá kan bóòtù gbà kọjá, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé díẹ̀ yọ sókè. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí kì í já òwú bo inú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ dí gbogbo ihò tí ọ́ìlì ń gbà. Lásìkò ọyẹ́, eruku Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan tó ìjàngbọ̀n, ká má tíì sọ èérún irin.

Bí ó bá yọ sókè, ẹ wọ́n WD-40 sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ fi vice grip mú un dáadáa, kí ẹ yí i sọ́wọ́ òsì díẹ̀díẹ̀. Tó bá le, ẹ dá a padà sọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀, kí ẹ tún yí i sósì. Bí ó bá ṣẹ́ku mìlímítà mẹ́ta péré tí vice grip ń yọ̀, ẹ pe wẹ́dà: yóò fi nọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́ lórí, yóò jó o pọ̀ láti inú ihò nọ́ọ̀tì náà. Ẹ jẹ́ kó tutù, lẹ́yìn náà ni ẹ óò fi sípánà tú u. Ẹ yọ orí bátìrì àti wáyà brain box kí wẹ́dà tó tan iná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó míì ni ẹ̀ ń wá.

Bí ó bá já wọlé tàbí tó bá ojú ihò dọ́gba, ẹ mú irin ṣóńṣó, ẹ fi ẹnu rẹ̀ ti etí bóòtù sọ́wọ́ òsì, kí ẹ máa fi òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́. Èyí tí àfúnjù já sábà máa ń tẹ̀lé e. Bí kò bá gbà, ìgbà náà ni dírìlì kàn. Ẹ lu ojú àmì sí àárín gbùngbùn bóòtù, ẹ fi bíìtì mìlímítà 2.5 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó fi 3 lu ú. Irin ni bóòtù, alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà. Bí bíìtì bá yà kúrò láàárín, ara tó rọ̀ ni yóò sá lọ, tẹ́ẹ̀dì (ilà lílọ́) inú ihò yóò sì bàjẹ́. Bí ẹ bá rí bíìtì tó ń yí sósì rà, òun ló dára jù, torí ó lè gbé bóòtù náà jáde bó ṣe ń lu ú.

Extractor, irin tí a ń yí sínú ihò tí dírìlì lu kí ó lè fa bóòtù jáde, ni mo bẹ̀rù jù lọ. Bí ẹ bá fi agbára yí i tó sì kán sínú bóòtù, dírìlì ilé kò ní lè jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ kékeré ti ń di gbígbé tọ́ọ̀pù sílíńdà lọ sọ́dọ̀ tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin). Tí ó bá ti ń le lọ́wọ́ yín, ẹ dúró, ẹ mú ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀ (ẹ má lo iná tó ń jó o!): bí ooru bá mú méjèèjì, alumíníọ̀mù ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin.

Bí tẹ́ẹ̀dì bá ti lọ, kí tọ́nà fi Helicoil M6 sí i, ìyẹn wáyà lílọ́ tó ń di tẹ́ẹ̀dì tuntun fún bóòtù tó fẹ̀ ní mìlímítà 6. Gọ́ọ̀mù kì í dí ihò bóòtù.

Ẹ mú bóòtù tó kù lọ́wọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ń ta tòkunbọ̀, kí gígùn àti tẹ́ẹ̀dì bára mu. Ẹ nu ọ́ìlì inú ihò kúrò; èyí tó bá há sísàlẹ̀ lè la alumíníọ̀mù. Nígbà tí ẹ bá ń fún wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ẹ̀ẹ̀mejì. Newton-mita 10 ti tó fún bóòtù M6: bí ẹ bá di sípánà mú ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí bóòtù, agbára bíi kílò 10 ni. Ẹ má fi páìpù kún un láé.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wo etí kọ́fà yíká. Bí ó bá tún ń jò níbi kan náà, ẹ fi rúlà gbọọrọ yẹ ojú kọ́fà wò, ó lè ti tẹ̀.