Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀sìn Lórí Rédíò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Atọ́kùn ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni mí. A fẹ́ fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ lórí owó tí ìjọba ń ná sórí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù. Ìgbà tí a ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn, èébú la fi parí ẹ̀. Kí la máa ṣe tí kò fi ní dìjà? – *Atọ́kùn ètò, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ tún ìbéèrè yín ṣe. Bí ẹ bá ní, "Ṣé ó dáa kí ìjọba máa gbé èèyàn lọ sí ilẹ̀ mímọ́?", ohun tí olùgbọ́ máa gbọ́ ni, "Ṣé ẹ̀sìn tìẹ dáa?" Ìjà ti dé nìyẹn. Ẹ bi wọ́n báyìí: inú àpò wo ni owó náà ti ń wá, ta ló ń fọwọ́ sí i, ta sì ni kì í kàn? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ìdáhùn tí èèyàn lè lọ wá kàn nínú ìwé. Ìjọba àpapọ̀ ní àjọ tó ń rí sí hájì, òfin ọdún 2006 ló dá a sílẹ̀. Ó ní ti àwọn Kristẹni, òfin ọdún 2007 ló dá ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn. Ẹ wá ìwé ìṣúná ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ sì ya owó oṣù òṣìṣẹ́ àti ìnáwó ọ́fíìsì sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń fọ́: ẹnì kan á ní ìjọba ò sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹnì kejì á búra pé ó ń san, bẹ́ẹ̀ owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn ń sọ.

Ẹ má gbé pásítọ̀ kan àti ààfáà kan kojú ara wọn. Ẹ̀sẹ̀kẹsẹ̀ ni àwọn olùgbọ́ máa pín sí méjì bí àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù. Àlejò mẹ́ta ló tó: ẹni tó mọ bí àjọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, agbẹjọ́rò, àti ẹlẹ́sìn gidi kan tó gbà pé kí kálukú máa fowó ara rẹ̀ rìnrìn àjò. Ẹ má fi ẹni kẹta yìí ṣeré. Òun ló máa jẹ́ kí àwọn èèyàn rí i pé àríyànjiyàn náà wà nínú ẹ̀sìn kan náà, kì í ṣe láàárín ẹ̀sìn méjì nìkan. Bí ẹ bá ráyè ẹni kẹrin, kó jẹ́ oníṣẹ̀ṣe, torí òun náà ń san owó orí. Oyè tí àwọn èèyàn rẹ̀ fi jẹ ẹ́ ni kí ẹ fi pè é, kí ẹ sì bi í kó tó wọ sítúdíò. Kì í ṣe gbogbo oníṣẹ̀ṣe ni babaláwo.

Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ ka ohun tí ẹ rí nínú ìwé ìṣúná kí àlejò kankan tó lanu. Ẹ fún àwọn àlejò ní 20, ìpolówó 5, ìpè 25, kí ẹ fi 5 tó kù kádìí ọ̀rọ̀. Bí olùpè kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, èèyàn 12 á sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú 7 á sì kù fún èsì. Kí ẹni tó ń gba ìpè béèrè orúkọ, àdúgbò, àti ohun tí olùpè fẹ́ sọ ní gbólóhùn kan. Èyí tó bá ní, "Ẹ ṣáà jẹ́ kí n dá bàbá yẹn lóhùn," kó ṣì dúró ná. Bí ẹ̀rọ yín bá lè dá ohùn dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 7 kó tó bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ẹ lò ó, àmọ́ kí ẹlòmíràn wà nídìí bọ́tìnì tó ń gé ọ̀rọ̀. Atọ́kùn tó ti tẹ́tí wọnú ọ̀rọ̀ kì í tètè rántí tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ ò bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ ni kí ẹ gbà, kí ẹ kà á tán lójú kí ẹ tó kà á sókè.

Ìbéèrè: Àlejò kan ní òfin Nàìjíríà ya ìjọba nípá kúrò lára ẹ̀sìn pátápátá. Èkejì ní irọ́ ni. Ta ló tọ̀nà? – *Olùgbọ́, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Ẹni àkọ́kọ́ sọ ju ohun tó wà nínú ìwé lọ. Abala 10 ìwé òfin ọdún 1999 ní ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Ó mọ síbẹ̀. Abala 275 ìwé òfin kan náà gba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láàyè láti ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà, abala 280 sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ìbílẹ̀. Nígbàkigbà tí àlejò bá ní "òfin sọ pé", ẹ bi í ní abala kí ẹ tó jẹ́ kó tẹ̀ síwájú.

Ìbéèrè: Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rédíò bóyá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba l'Ékòó lè ní kí ọmọ ṣí híjáàbù. – *Òbí kan*

Ìdáhùn: Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dá a ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022. Adájọ́ 5 nínú 7 ní ọmọ Mùsùlùmí lè wọ̀ ọ́ mọ́ yunifọ́ọ̀mù. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni ẹjọ́ náà dá lé lórí, nítorí náà kí àwọn olùpè má fi ti aládàáni lú u pọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ tún wo abala 38 ìwé òfin ọdún 1999: ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ fi dandan kọ́ ọmọ yín ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí ẹ kò fọwọ́ sí.

Ìbéèrè: Bí ọdún Orò bá dé, wọ́n á ní kí obìnrin má jáde. Ẹnì kan ní àṣà ni, kì í ṣe ẹ̀sìn, òfin ò lè dá sí i. – *Ọlọ́jà, ìpínlẹ̀ Èkó*

Ìdáhùn: Yálà ẹ pè é ní àṣà tàbí ẹ̀sìn, òfin kò yọwọ́. Abala 38 fún àwọn awo ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ìjọsìn wọn, bẹ́ẹ̀ ni abala 41 fún ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́ láti rìn káàkiri. Abala 45 sì ní òfin tó bójú mu ló lè dín irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kù, nítorí ààbò ìlú, ìlera, tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kì í ṣe òfin.

Síbẹ̀, ó dùn wá bí àwọn atọ́kùn kan ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yìí bú oníṣẹ̀ṣe. Ẹ̀sìn tó ní ọjọ́ tirẹ̀, 20 oṣù kẹjọ, ni. Ní ọdún 2023, Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun fún un ní ìsinmi. Ẹ pe àwọn awo wá sórí ètò kí ọdún tó dé, kí ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ bi wọ́n: òpópónà wo, láti aago mélòó sí mélòó, ṣé ó lè jẹ́ òru nìkan, ta ló sì máa mú nọ́ọ̀sì tó ń lọ síbi iṣẹ́ òru kọjá? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì máa kà á lórí afẹ́fẹ́ lárààárọ̀ títí ọdún á fi parí.