Ẹ má gé ẹ̀ka kan kí lẹ́tà ìfọwọ́sí tó dé

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá owó ìrànwọ́ wà fún onílé tó fẹ́ dáàbò bo ilé rẹ̀ lọ́wọ́ iná igbó ní Amẹ́ríkà, ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ bí tèmi ṣe bọ́.

Mo kọ fọ́ọ̀mù, mo fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ń wọlé bọ̀, àyà mi ń já, ni mo bá pe àwọn agégi. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é tán. Nígbà tí olùṣàyẹ̀wò dé, ó ní iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìfọwọ́sí kò sí nínú ètò náà. Àpò ara mi ni gbogbo owó náà ti jáde.

Lọ́dún kejì, mo ya fọ́tò ilé láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo dúró de lẹ́tà, mo sì gba rìsíìtì tó ní ọjọ́ àti irú iṣẹ́ nínú. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ètò wọ̀nyí kì í san owó ṣáájú. Ẹ ó kọ́kọ́ ná tiyín, wọn a wá dá apá kan padà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ka iṣẹ́ ọwọ́ yín mọ́ ìpín owó tí ẹ̀yin fúnra yín gbọ́dọ̀ san. Wọ́n ka tèmi, wákàtí tí mo kọ sílẹ̀ ló gbà mí.

Ibi tí ẹ ó ná an sí tún ṣe pàtàkì. Jack Cohen, tó ṣèwádìí fún àjọ igbó ìjọba Amẹ́ríkà, fi hàn pé ẹyín iná kéékèèké tí afẹ́fẹ́ gbé wá àti ohun tó yí ilé ká gan-an ló sábà máa ń jó ilé. Ìpẹ̀kun ilẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, igi ìdáná sì wà lára ògiri mi! Ẹsẹ̀ bàtà 5 àkọ́kọ́ láti ara ògiri ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ palẹ̀ rẹ̀ mọ́ pátápátá. Ẹ kó ewé gbígbẹ kúrò lórí òrùlé, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́jọ ínǹṣì kan bo gbogbo ihò afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ sí ẹsẹ̀ bàtà 30, kí ẹ tó dé 100.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní California, ẹ fi fọ́tò iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ adójútòfò yín pẹ̀lú. Láti ọdún 2022 ni òfin ti ní kí wọ́n dín owó kù fún onílé tó ṣe irú iṣẹ́ báyìí.

Bí lẹ́tà bá sì dé, ẹ wo ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí kí ẹ tó pe agégi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù nígbà tí mo rí tèmi.