Nọ́ọ̀sì ò jẹ́ ká fún màmá lẹ́kọ, ṣé wọ́n ń fìyà jẹ wọ́n ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Rọpárọsẹ̀ kọlu màmá mi, wọ́n tún ní àkóràn ìtọ̀. Dókítà ní àwọn ń ṣọ́ wọn kí ARDS má lọ mú wọn. Látìgbà yẹn nọ́ọ̀sì ò jẹ́ ká fún wọn lẹ́kọ, wọn ò sì jẹ́ kí màmá sùn gbalaja. Kí ni ARDS gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún màmá lálàáfíà. Ẹ má bínú sáwọn nọ́ọ̀sì yẹn jàre, ohun témi náà máa ṣe nìyẹn. ARDS, ẹ̀dọ̀fóró ló máa wú, omi inú ẹ̀jẹ̀ á wá máa jò sínú àwọn àpò kéékèèké tí atẹ́gùn ń wọ̀, èèyàn á máa mí hẹlẹhẹlẹ síbẹ̀ atẹ́gùn ò dénú ẹ̀jẹ̀. Kì í pẹ́ rárá, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ohun tó fà á ló máa ń yọjú. Ọdún 1967 làwọn dókítà kan ní Denver, Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ lára aláìsàn 12, àwọn kan fara pa, àwọn kan ní àkóràn, ẹ̀dọ̀fóró wọn wá ń ṣe bákan náà.

Àkóràn tó wọnú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á jù, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fojú kékeré wo àkóràn ìtọ̀ màmá yẹn. Lùmóníà náà ń fà á, ìjàǹbá mọ́tò, èéfín iná, títí kan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára. Sìgá àti ọtí àmujù tún ń dá kún un.

Ohun tó tún lè fa ARDS fún màmá wá ni oúnjẹ tó ń páni lórí. Rọpárọsẹ̀ lè mú kí ọ̀nà ọ̀fun má ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ̀kọ á wá gba ibi tí èémí ń gbà lọ sẹ́dọ̀fóró, wọ́n lè má tiẹ̀ wúkọ́, ẹ̀yin á rò pé wọ́n ti gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè tó 30 sí 45 dígírì, tí wọ́n sì ń fọ ẹnu wọn torí kòkòrò ẹnu máa ń bá itọ́ sọ̀ kalẹ̀. Torí àkóràn ìtọ̀ ni wọ́n sì fi máa ń tètè yọ rọ́bà ìtọ̀ tí ò bá wúlò mọ́. (Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni ọmọ tó mu kẹrosíìnì táwọn èèyàn á rọ epo pupa sí lẹ́nu kó lè bì, èébì yẹn gan-an ló ń gbé kẹrosíìnì lọ sẹ́dọ̀fóró o, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́síbítù!)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ wo aago kẹ́ ẹ máa ka èémí wọn, àgbà tó sinmi máa ń mí bíi 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń lé ní 24, tàbí ètè wọn ń dúdú, tàbí wọ́n ṣàdédé ń sọ ìsọkúsọ, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ní ti ẹ̀kọ, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa dán bí màmá ṣe ń gbé nǹkan mì wò. Tí wọ́n bá ní ó ti yá, ẹ gbé wọn jókòó, ṣíbí kékeré ni, kẹ́ ẹ bi nọ́ọ̀sì bó ṣe máa ki tó, torí èyí tó ṣàn ló máa ń tètè páni lórí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wà ní ìjókòó fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán.