Ẹ wo ẹsẹ̀ màlúù yín kẹ́ ẹ tó ra oògùn míì

Ọ̀gá mi, ẹ ní ẹ ń fín oògùn eṣinṣin sára àwọn màlúù láràárọ̀, síbẹ̀ wọ́n ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ ṣáá, wọ́n ń wọ́ jọ sójú kan, wàrà sì ń dín kù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ wo ẹsẹ̀ iwájú wọn. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ làwọn eṣinṣin yẹn pọ̀ sí, tí wọ́n kọrí sókè, a jẹ́ pé stable fly ni, òun àti eṣinṣin ilé jọ ara wọn bí ìbejì, àfi pé ẹnu tiẹ̀ yọ síwájú, ó le, ó sì mú. Takọtabo wọn ló ń mu ẹ̀jẹ̀ o, kò dà bí ẹ̀fọn tó jẹ́ abo nìkan.

Oògùn yín lè má ní àléébù kankan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni eṣinṣin yìí ń lò lára ẹran, tó bá ti yó ó di ara ògiri tàbí fẹ́ǹsì, èyí tẹ́ ẹ wá fín sẹ́sẹ̀ ńkọ́, ìrì àti ẹrọ̀fọ̀ á ti fọ̀ ọ́ dànù.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa tèmi lára, ibi tí wọ́n ń yé sí ni mo dojú kọ. Koríko gbígbẹ tó já sílẹ̀ nídìí ibùjẹ, tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rin ín títí tó fi ń jẹrà, inú ẹ̀ gan-an ni ìdin wà. Nígbà ooru, bí ọ̀sẹ̀ 3 ni ẹyin á fi di eṣinṣin, torí náà ẹ máa kó o lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sóòrùn kó gbẹ. Ẹ dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ o, tèmi á gbá àárín mọ́ tónítóní, wọ́n á fi abẹ́ fẹ́ǹsì àti igun ibi táwọn ọmọ màlúù ń sùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀yìn àti ikùn ni wọ́n bò tọ̀sán tòru, horn fly nìyẹn, ara ẹran ló ń gbé, àfi tó bá fẹ́ yé sórí ìgbẹ́ tútù. Oògùn tí wọ́n ń dà sẹ́yìn ẹran máa ń kápá ìyẹn dáadáa.

Àwọn eṣinṣin ńláńlá tó ń gé awọ tí ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn, ìyẹn horse fly, etí omi àti ẹrọ̀fọ̀ ni wọ́n ti ń wá, oògùn ò fi bẹ́ẹ̀ dà wọ́n láàmú. Àwọn ni mo bẹ̀rù jù. Tó bá gé ẹran jẹ, ó máa ń dùn ún gan-an, ẹran á lé e kó tó yó, á fò sórí òmíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ti àkọ́kọ́ lẹ́nu, bí surra, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀, ṣe ń ràn láàárín ràkúnmí, ẹṣin àti màlúù nìyẹn.

Ti ajá yín tẹ́ ẹ bèèrè, pé ṣé fífín oògùn sí ọgbà tó láti gbà á lọ́wọ́ aràn inú ọkàn, ẹ̀fọn ló ń kó aràn ọ̀hún ràn án, fífín ọgbà nìkan ò lè gbà á. Kí dọ́kítà ẹranko yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn oṣooṣù, kó sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù 6, torí aràn náà máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó hàn nínú àyẹ̀wò.