Ẹ Bi Wá Nípa Eyín: Fílìn Funfun Tó Ń Jò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó di oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti fi fílìn aláwọ̀ eyín dí ọ̀kan nínú eyín ẹ̀yìn mi. Ní báyìí, ìlà pupa rúsúrúsú ti yọ létí rẹ̀, omi tútù sì ń ta mí níbẹ̀. Dókítà ní ó ń jò, pé àfi kí òun tún un ṣe. Ṣé ayédèrú ni wọ́n fi dí i ni? – Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ojúlówó náà máa ń jò. Fílìn yìí rọ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú ihò; iná búlúù tí wọ́n ń tàn sí i ló ń mú un le. Bó ṣe ń le ló ń súnkì, nǹkan bí ìdá 2 sí 3 nínú 100, ó sì lè fi àlàfo sílẹ̀ láàárín òun àti eyín. Ẹ má fojú kéré rẹ̀: kòkòrò tó ń jẹ eyín ò nílò àlàfo ńlá. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í kún ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpele ìpele ni, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má nípọn ju mìlímítà 2 lọ (àwọn irú kan wà tí wọ́n ṣe fún 4), kí wọ́n tanná sí i fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí iná náà bá ti rẹ̀, òkè á le, ìsàlẹ̀ á ṣì rọ̀.

Ṣùgbọ́n itọ́ gan-an lọ̀tá. Kí fílìn tó wọlé, wọ́n á fi ásíìdì pa ojú ihò fún bí ìṣẹ́jú àáyá 15, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á fẹ́ omi rẹ̀ kúrò láì jẹ́ kí inú eyín gbẹ táútáú, torí bó bá gbẹ jù, gọ́ọ̀mù tó kàn, èyí tó ń lẹ fílìn mọ́ eyín, ò ní wọra. Bí itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá kan ibẹ̀ lẹ́yìn èyí, àfi kí wọ́n padà sẹ́yìn. Rọ́bà fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń ta yí eyín ká ló dáa jù fún èyí. Òwú nìkan kì í sábà tó fún eyín ẹ̀yìn. Ihò tó bá wọ abẹ́ erìgì tún le sí i, torí èèpo líle tí gọ́ọ̀mù ń dì mú ò sí lára gbòǹgbò.

Ìlà nìkan lè jẹ́ àbàwọ́n lásán tí wọ́n á dán kúrò. Tiyín ti ní títa nínú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì ya X-ray rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá etí tó bàjẹ́ nìkan ni wọ́n lè gé kí wọ́n tún un dí. Kì í ṣe dandan kí wọ́n hú gbogbo fílìn náà. Ẹ má fi òróró kànáfùrù sí i kí ẹ tó lọ o, èròjà kan nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí fílìn yìí le dáadáa. Bí omi tútù bá ti kúrò lẹ́nu tí ìrora ṣì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tàbí tó ń jí yín lóru, ọ̀rọ̀ ti dé inú iṣan. Fílìn tuntun nìkan ò ní tó.

ÌBÉÈRÈ: Obì kì í kúrò lẹ́nu mi. Ṣé òun ló ń ba fílìn funfun jẹ́? – Aláṣọ, Ọjà-Ọba

ÌDÁHÙN: Obì ń pa á láró ni, kì í là á. Ibi tó bá ti là tẹ́lẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ ń wọ̀ sí. Ní ti fílìn dúdú, èyí tí wọ́n fi irin ṣe, ìpẹtà tirẹ̀ máa ń dí etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti funfun ò ní irú oore bẹ́ẹ̀. Ẹ lè jẹun lọ́jọ́ tí wọ́n dí i, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí agbára abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu ná, kí ẹ má baà gé ètè jẹ.