Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ òdo nínú dátà Rọ́ṣíà, 1992 sí 1998

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: nínú RLMS, ìwádìí tí wọ́n ń ṣe láàárín àwọn ìdílé ní Rọ́ṣíà láti 1992, ọ̀pọ̀ èèyàn ní àwọn níṣẹ́ lọ́wọ́, síbẹ̀ òdo ló wà níbi owó oṣù wọn. Ṣé ká yọ wọ́n kúrò?

Ẹ má yọ wọ́n. Ibi òdo yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ kì í sábà lé òṣìṣẹ́ nígbà náà. Wọ́n á jẹ wọ́n lówó oṣù, tàbí kí wọ́n kó ọjà fún wọn dípò owó. Iye aláìníṣẹ́ kò sì fi èyí hàn: ní 1998, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kò tó 4%, nígbà tí òṣùwọ̀n ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ju 10% lọ. ILO kò wo ìforúkọsílẹ̀: ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rárá lọ́sẹ̀ ìwádìí, tó ti wá iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 4, tó sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2, ni aláìníṣẹ́. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ láìgba kọ́bọ̀ kò sí nínú èyíkéyìí.

Nítorí náà, ẹ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: owó tó wọlé ní ọjọ́ 30 tó kọjá, iye ọjà tí wọ́n fi san án, àti gbèsè tí ilé iṣẹ́ ṣì jẹ. Ẹ má ro gbèsè pọ̀ mọ́ owó tó wọlé. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú: ẹni tí wọ́n san owó oṣù mẹ́ta fún lẹ́ẹ̀kan máa dà bí olówó lóṣù yẹn.

Fún ìgbé ayé ìdílé, ohun tí wọ́n jẹ àti ohun tí wọ́n ná ni kí ẹ gbára lé. Oúnjẹ ọjọ́ 7, ẹ fi 4.3 sọ ọ́ di púpọ̀. Aṣọ oṣù 3, ẹ pín in sí 3. Pòtétò inú ọgbà ní ọdún kan, ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò ṣírò rẹ̀, kí ẹ wá pín in sí 12. Èyí tí wọ́n tà nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá fo ọgbà yìí, ará abúlé á tòṣì nínú ìwé ju bó ti tòṣì lójú ayé lọ.

Iye ọjà ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ jẹ́. Ìjọba tú iye ọjà sílẹ̀ ní 2 Oṣù Kìíní 1992, ó sì di nǹkan bí ìlọ́po 26 kí ọdún tó parí. Lẹ́yìn ìdàrúdàpọ̀ ọrọ̀ ajé Oṣù Kẹjọ 1998, ọjà fi nǹkan bí 38% gbówó lórí ní Oṣù Kẹsàn-án nìkan, ìwádìí ọdún náà kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Ìdíwọ̀n iye ọjà ti ọdọọdún kò wúlò níbí. Ẹ lo ti oṣù tí wọ́n bá ìdílé náà sọ̀rọ̀, ní agbègbè rẹ̀. Láti 1 Oṣù Kìíní 1998, rúbù (owó Rọ́ṣíà) 1,000 àtijọ́ di 1 tuntun, nítorí náà bí iye kan bá fi ìlọ́po 1,000 ju ti àwọn yòókù lọ, owó àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ìdílé tó wà nínú ipele 1 sí 4 ìwádìí RLMS kọ́ ló wà nínú ipele 5 síwájú, ẹ má so wọ́n pọ̀. Kò sí ìwádìí ní 1997 àti 1999.

Ó ku bí ẹ ṣe máa pín ìnáwó sórí èèyàn. Ẹ gbé iye èèyàn inú ilé sí agbára kan, kí ẹ fi èyí tó jáde pín ìnáwó. Fún ìdílé ẹni 4, bí agbára bá jẹ́ 0.5, olùpín jẹ́ 2; bó bá jẹ́ 0.75, olùpín jẹ́ 2.83; bó bá jẹ́ 1, olùpín jẹ́ 4. Agbára kékeré ń sọ àgbà tó ń dá gbé di tálákà, agbára ńlá ń sọ ilé ọlọ́mọ di tálákà. Owó ilé kéré níbẹ̀ nígbà náà, oúnjẹ ló ń gba owó, torí náà èmi kì í lo 0.5 nìkan. Ẹ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ kọ ibi tí ìdáhùn ti yàtọ̀ síra.